Iná Ẹnu Ìyá Màutín

Níbi ìsìnkú ìyá tó bí bàbá mi, ọkùnrin kan gba máíkì, ó ní ẹlẹ́nu dídùn ni olóògbé. Ó ní ọ̀rọ̀ wọn dà bí oyin, pé wọn ò fi ẹnu ba ẹnikẹ́ni nínú jẹ́ rí. Mo wo àwọn obìnrin tó ń se òróró àgbọn ládùúgbò wa, tí wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá. Gbogbo wọn dorí kodò, èjìká wọn ń gbọ̀n. Àwọn àlejò rò pé ẹkún ni. Èmi mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ èyí nìyẹn. Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí Màmá, kó lọ wo ìwé ìsìnkú, níbi tí àwọn ọmọ wọn ti fi ọdún mélòó kan kún ọjọ́ orí wọn kí òkú lè gbayì. Ọ̀rọ̀ ẹnu Màmá ni mo fẹ́ sọ: iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ẹnu náà ṣe, iná tó wọ inú rẹ̀, àti ohun kan tí wọ́n fi í sọ lọ́jọ́ tó ṣòro láti sọ.

Ìyá Màutín ni gbogbo ìlú Kankon ń pè wọ́n, nítorí bàbá mi, Màutín, ni àkọ́bí wọn. Ègùn ni wá. Yorùbá ni Màmá fi ń kí ènìyàn, Ègùn ni wọ́n fi ń bínú. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Ìkíni pọ̀ jù nínú Yorùbá. Kí èèyàn tó kí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ tán, inú á ti rọ̀."

Obìnrin bíi méjìlá ló ń se òróró àgbọn ládùúgbò wa. Kálukú ń fọ́ àgbọn tirẹ̀, ó ń rin ín, ó ń fún omi rẹ̀, ó sì ń gbé e kaná nílé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á gbé òróró wọn wá síwájú ilé wa, wọ́n á dà á pọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, torí oníbàárà tó ń ti Èkó wá kì í ra ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìgò kan tó bá ti kan lè ba gbogbo dúrọ́ọ̀mù jẹ́. Nítorí náà, kò sí òróró tó gbọ́dọ̀ wọ inú dúrọ́ọ̀mù kí Màmá tó tọ́ ọ wò. Wọ́n á kán díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́, wọ́n á fi ahọ́n lá a, wọ́n á dijú. Bó bá dára, wọ́n á ní, "É yọ́n," bí àwa Ègùn ṣe ń sọ pé nǹkan dára. Bí kò bá dára, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á dé ìgò náà, wọ́n á dá a padà fún ẹni tó gbé e wá. Mo ti rí ẹni tó gba ìwé ìpẹ̀jọ́ tí ojú rẹ̀ ò ro tó bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin kan wá nígbà kan, ó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn obìnrin náà ní ìlànà ìgbàlódé. Ó wọ kóòtù nínú oòrùn Kankon, èyí tó ti fi irú ọgbọ́n tó gbé wá hàn. Ó yọ ẹ̀rọ kékeré kan jáde, ó ní ẹ̀rọ yìí lè sọ bí òróró ṣe dára tó. Màmá yẹ̀ ẹ́ wò níwá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn.

"Ṣé ó máa ń jẹ ẹ́?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ̀rọ ni."

"Kí ló wá kàn án?"

Ọdún tí mo lò kẹ́yìn ní yunifásítì ni iná ẹnu Màmá bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, kò sí nǹkan kan. Bí oòrùn bá ṣe ń gòkè ni iná náà ń gòkè. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ṣóńṣó ahọ́n wọn, inú ètè àti àjà ẹnu á máa jó wọn bí ẹni tó gbé tíì gbígbóná mì láìfẹ́ ẹ sí. Ẹnu wọn á gbẹ. Àwọn tó wà nítòsí á sì jẹ nínú ìyà rẹ̀, torí ẹni tí ara ń ni kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi, tí í ṣe ìyàwó ọmọ, ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Wọ́n ní ata rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìyá mi se ọbẹ̀ tí kò fi ata sí. Ó jó wọn. Ó bu àkàsà lásán fún wọn. Ó jó wọn. Ó wá bu omi fún wọn. Màmá mu ún, wọ́n gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n wo ìyá mi látòkè délẹ̀. "O ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ata sínú omi báyìí."

Kò tó oṣù kan tí gbogbo ìlú fi mọ ohun tó ń ṣe Màmá, àfi Màmá. Ọkùnrin tó ń ta àgbo nínú ọkọ̀ Morogbo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo wà níbẹ̀. Màmá yíjú sí i, wọ́n ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí? Láti ìdí títí dé ẹnu? Ọkọ̀ wo ló wọ̀?" Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ò ra àgbo lọ́jọ́ náà.

Àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Kutọnu fi omi ìfọnu aláwọ̀ búlúù kan ránṣẹ́, tí wọ́n kọ Faransé sí lára. Ó ti pẹ́ tí ohun tí wọ́n bá kọ Faransé sí lára ti ń gba ọ̀wọ̀ nílé wa. Ọtí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Màmá bù ú sẹ́nu, wọ́n sáré dé ìdí kànga kí a tó mọ̀ pé wọ́n ti dìde. Nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n pe ọmọ wọn lórí fóònù. "Iná ni mo ní ó ń jó mi. Mi ò ní kí o bá mi da bẹntiróòlù sí i."

Pásítọ̀ wọn ní ẹ̀ṣẹ̀ ahọ́n ni, pé kí wọ́n dákẹ́ fún ọjọ́ méje. Màmá gbà. Wọ́n dákẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì, títí ó fi di ọjọ́ Ìsinmi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí pásítọ̀ ṣe ń wàásù ni Màmá ń fi ojú, ètè àti ọwọ́ sọ èrò wọn nípa ìwàásù náà, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, títí ìdajì ìjọ fi kẹ̀yìn sí pẹpẹ tí wọ́n ń wò wọ́n. Pásítọ̀ tọ̀ wọ́n wá lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ máa sọ̀rọ̀."

Kí ẹ má rò pé èmi gbọ́n jù wọ́n lọ. Mo jókòó ti fóònù mi fún wákàtí méjì gbáko, mo ka ohun tí àwọn oníṣègùn òyìnbó kọ, mo sì padà wá bí ẹni tó rí wúrà. Mo pe orúkọ àìsàn náà ní gẹ̀ẹ́sì gígùn. Màmá ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní àìsàn ẹnu jíjó.

Màmá wò mí tìyọ́nútìyọ́nú. "Yunifásítì," bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn nígbà tí mo bá hùwà òmùgọ̀, "mo sọ fún ọ pé ẹnu ń jó mi. O lọ fún wákàtí méjì. O padà wá sọ fún mi pé ẹnu ń jó mi."

Ṣùgbọ́n èyí tí àdúgbò fẹ́ràn jù nínú gbogbo àlàyé wọ̀nyí ni pé Ìyá Sẹ̀námì ló ṣe é. Ìyá Sẹ̀námì àti Màmá jọ dàgbà ni. Òróró Ìyá Sẹ̀námì ló dára jù ní Kankon, Màmá fúnra wọn kì í jiyàn èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ti ń jà láti ìgbà tí wọ́n wà ní wúńdíá, lórí abo adìyẹ kan tí mo gbà pé ó ti kú tipẹ́. Láàárín oṣù méjì tí ẹnu Màmá fi ń jó, wọ́n ti dé ìgò Ìyá Sẹ̀námì padà fún un lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn mìíràn náà gba tiwọn padà, àmọ́ ti Ìyá Sẹ̀námì ló ya gbogbo ayé lẹ́nu. Làdúgbò bá ro ó pọ̀: inú bí Ìyá Sẹ̀námì, ló bá fi èpè ránṣẹ́ sí ẹnu tó tàbùkù òróró rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè pé nínú ìgò tí wọ́n dé àti ẹnu tó ń jó, èwo ló ṣáájú. Bí ìtàn bá dùn tó, wọn kì í bi í ní ọjọ́ ìbí.

Ìyá Sẹ̀námì wá sílé wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kò jókòó.

"Ìyá Màutín, wọ́n ní mo fi iná sí ọ lẹ́nu."

"Mo gbọ́."

"Ṣé o gbà á gbọ́?"

"O ò ní agbára tó bẹ́ẹ̀. Òróró lásán, o ò lè sè é mọ́."

"Tí mo bá lágbára láti fi iná sẹ́nu èèyàn, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀? Ọkọ mi wà nílé."

Mo rí i pé Màmá fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé e mì. Ìyá Sẹ̀námì rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn tó ń ra òróró ìpara lọ́wọ́ mi ò wá mọ́. Ìyàwó ọmọ mi ti ń gba ìkòkò lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ sinmi. Òróró mi ò bàjẹ́, Ìyá Màutín. O mọ̀ pé kò bàjẹ́."

Màmá ò wò ó lójú. "Mo mọ ohun tí mo tọ́ wò," ni wọ́n sọ.

Ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí wa, nọ́ọ̀sì kan tan iná tọ́ọ̀ṣì sí wọn lẹ́nu. Ó ní ẹnu Màmá mọ́ tónítóní, kò sí egbò, kò sí funfun tó máa ń wà lẹ́nu ọmọ ọwọ́. "Màmá, mi ò rí nǹkan kan. Kò sí nǹkan tó ń ṣe yín. Ẹ má máa ronú." Èyí ló dùn wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀, ju èpè lọ, ju jẹ̀díjẹ̀dí lọ. Wọ́n tọ́ka sí òkè, níbi tí páànù ilé ìtọ́jú náà ti ṣí látìgbà òjò tó kọjá. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rí afẹ́fẹ́ tó ká òrùlé yín lọ?"

Níkẹyìn, mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kan ní Èkó. Obìnrin ni, kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Màmá bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ó ń fọwọ́ bọ ẹnu àgbàlagbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Oògùn wo ni wọ́n ń lò? Kí ni wọ́n fi ń fọ ẹnu? Ìgbà wo ló máa ń jó jù? Ṣé eyín àtọwọ́dá tó wà lẹ́nu wọn bá wọn mu? Ṣé wọ́n ń sùn dáadáa? Ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn láti fi wò bóyá ṣúgà wà nínú rẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ kéré lára. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè kí ó tó dáhùn.

Nígbà tí a padà lọ gba èsì, ó ní kò sí ṣúgà. Ẹ̀jẹ̀ ló kéré díẹ̀, ó sì fún wọn ní oògùn tó máa gbé e gòkè. Ó ní ọ̀kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lè wà lára ohun tó ń dá kún iná náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fúnra wọn dá a dúró. Ó kọ lẹ́tà sí dókítà tó fún wọn kó lè bá wọn pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi orín àta sílẹ̀. Èyí dun Màmá, torí wọ́n gbà pé orín tí kò bá ta èèyàn lẹ́nu, igi ìdáná ni.

"Ìyẹn lápá kan," ni dókítà wí. "Ó ṣeé dín kù. Apá kejì rèé, Màmá: àwọn iṣan tó ń gbé adùn àti ìgbóná láti ahọ́n lọ sí ọpọlọ ló ń jíṣẹ́ tí a ò rán wọn. Nǹkan kan ò sun yín, wọ́n ń sọ fún yín pé nǹkan ń sun yín. A máa ń rí i gan-an lára àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró. A ò tíì mọ gbogbo ìdí rẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í ràn, kì í sì í ṣe wèrè. Ó ń jó yín lóòótọ́."

Màmá mí kanlẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

"Ohun kan náà ló máa ń jẹ́ kí ẹnu korò," ni dókítà ń bá a lọ, ó ti ń kọ̀wé, "tí nǹkan tó dára á máa dà bí irin lẹ́nu èèyàn."

"Òróró àgbọn ńkọ́?" ni Màmá béèrè.

"Ohunkóhun, Màmá."

"Òróró tó dára?"

"Kódà kó dára."

Dókítà ò mọ̀ pé òun ti dájọ́. Màmá dìde, wọ́n dúpẹ́, a jáde. Wọn ò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi kọjá Morogbo, ìyẹn ìdákẹ́jẹ́ tí pásítọ̀ wọn ò rí gbà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò, mo sì gbìyànjú láti ràn wọ́n lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kàwé.

"Màmá, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí dókítà sọ, àfi àwa méjì. Ẹ kàn lè sọ fún wọn pé ó ti rẹ̀ yín, kí ẹlòmíràn gba ìtọ́wò náà. Bó bá yá, ẹ lè yọ́ lọ bá Ìyá Sẹ̀námì nílé, kí ẹ bẹ̀ ẹ́."

"Yunifásítì," ni wọ́n wí, ohùn wọn ò le, "ojú gbogbo èèyàn ni mo ti dé ìgò rẹ̀. Mi ò lè lọ ṣí i ní kọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo wọn pé. Màmá ní kí wọ́n má ṣe gbé ìgò kankan sílẹ̀. Wọ́n dúró, bẹ́ẹ̀ àga tí wọ́n máa ń jókòó sí tọ́ òróró wò wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, "Ó ti tó oṣù méjì tí àìsàn kan ti wà lẹ́nu mi. Kì í ṣe Ìyá Sẹ̀námì ló fi í síbẹ̀. Ó ń sọ ohun tó dùn di kíkorò. Mo dá òróró Ìyá Sẹ̀námì padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Òróró rẹ̀ ò bàjẹ́. Ẹnu mi ló bàjẹ́. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ tàkọ́kọ́." Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n wá tún un sọ ní Ègùn, kí ó má bàa sí ẹni tó máa lọ sọ pé òun ò gbọ́ dáadáa.

Obìnrin kan gbóhùn sókè láti ẹ̀yìn. "Ìyá Màutín, tèmi tí ẹ dá padà lọ́dún tí mo bí àkọ́bí mi ńkọ́?"

"Tìrẹ bàjẹ́."

"Tèmi ọdún tí àgbàrá gbé afárá lọ ńkọ́, Màmá?"

"Tìẹ náà bàjẹ́. Oṣù méjì ni mo sọ. Mi ò ní láti ìgbà tí a ti dá ayé."

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti dá òróró rẹ̀ padà rí láti ìgbà èwe rẹ̀ ló dìde pé òun fẹ́ ìdáláre, obìnrin kan tilẹ̀ ń bèèrè fún ti ìyá rẹ̀ tó ti kú. Láàárín ariwo náà, Màmá na ọwọ́ sí Ìyá Sẹ̀námì. "Gbé tìrẹ wá." Ìyá Sẹ̀námì gbé e wá. Màmá gba ìgò, wọ́n ṣí i, wọn ò kán an sọ́wọ́, wọ́n dà á sínú dúrọ́ọ̀mù títí ó fi tán. Ariwo dáwọ́ dúró.

"Láti òní lọ," ni Màmá wí, "ìwọ ni kí o máa tọ́ ọ wò."

"O fi mí ṣẹ̀sín fún oṣù méjì," ni Ìyá Sẹ̀námì dá wọn lóhùn, "o tún wá fi iṣẹ́ kún un."

Ṣùgbọ́n ó jókòó sórí àga náà.

Màmá lo ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn. Iná náà ò kú, àmọ́ ó rọlẹ̀. Dókítà fún wọn ní oògùn kékeré kan tí wọ́n á jẹ́ kó yọ́ lórí ahọ́n, tí wọ́n á sì tu dànù. Ó ní kí wọ́n máa mu omi tútù díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà kí ẹnu wọn má bàa gbẹ. Màmá bá di àgbàlagbà kan ṣoṣo tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń bá wí nítorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí wọn. Màmá ní, "Tiyín ìgbéraga ni. Tèmi, dókítà ló kọ ọ́."

Adùn nǹkan ni kò padà wá dáadáa. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n bá ti da òróró tán, Ìyá Sẹ̀námì á jókòó tì wọ́n. Màmá á ní, "Sọ ọ́ fún mi." Ìyá Sẹ̀námì á wá máa sọ: tẹni báyìí ń run bí àgbọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, tẹni báyìí pẹ́ díẹ̀ lórí iná, ti ìyàwó ọmọ òun ń gbìyànjú. Màmá á máa jiyàn pẹ̀lú rẹ̀ lórí ohun tí wọn ò tọ́ wò.

Nígbà tí Màmá ò lè dìde mọ́, Ìyá Sẹ̀námì ń wá sí iyàrá wọn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wá kẹ́yìn. Ó sọ ti gbogbo obìnrin méjìlá, ó sọ ọ́ débi pé èmi náà ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Màmá ò jiyàn. Wọ́n ní, "Ẹnu rẹ dára ju tèmi lọ. Ó ti dára jù ú lọ tipẹ́."

Ìyá Sẹ̀námì yíjú sí mi kíákíá.

"Ìwọ tó kàwé, ṣé o gbọ́? Tètè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó máa sẹ́ ẹ lọ́la."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Màmá kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọn ò sì sẹ́ ẹ.